Ọ̀sẹ̀ Kan Létí Òkun Kent: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò Èmi àti Ìyá Tọ́lá

Ọdún 21 ni èmi àti ìyàwó mi fi ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni òun, èmi ń wa bọ́ọ̀sì lójúmọmọ ní London. Aago 8:30 àárọ̀ ni ó máa ń dé, aago 9 ni èmi máa ń jáde. Aago 6:30 ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń wọlé, kí aago 7 tó lù, òun náà ti wọ bàtà. Ohunkóhun tí a bá ní láti sọ, ìdajì wákàtí yẹn ni a ó fi sọ ọ́: ìwé tí olùkọ́ Tọ́lá fi ránṣẹ́, lẹ́tà tó dé láti Ìsẹ́yìn, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń jò. Ọjọ́ ìsinmi wa kì í sábà bọ́ sí ọjọ́ kan náà.

Ó pé ọdún méjì tí mo ti fẹ̀yìntì. Oṣù Kẹfà tó kọjá yìí ni òun náà gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà ìwọ́wé àkọ́kọ́ nìyí tí kò sí ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ nínú àwa méjèèjì, ni mo bá ní kí a lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Whitstable, ìlú kékeré kan létí òkun ní Kent. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ ti fẹ̀yìntì, tí ẹ ń sọ pé ìrìn-àjò ilé nìkan ló kù fún yín, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún.

Ọjọ́ Kìíní: Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá 2025

Thamesmead ni à ń gbé, nítorí náà Abbey Wood ni a ti wọ ọkọ̀ ojú irin. A jẹ́ kí aago 9:30 kọjá kí a tó jáde, kí Freedom Pass, káàdì ìwọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí àwa àgbà London ń lò, lè ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: Freedom Pass gbé wa dé Dartford lọ́fẹ̀ẹ́. Láti Dartford dé Whitstable nìkan ni a ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, Senior Railcard sì tún yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó yẹn. £35 ni káàdì náà lọ́dún, ẹni tó bá ti pé ọmọ 60 ọdún lè rà á.

Àpò Ghana-must-go kékeré kan ni Ìyá Tọ́lá kó oúnjẹ sí: gàrí Ìjẹ̀bú, èlùbọ́, ata rodo lílọ̀ tó ti dì gbagidi nínú fíríìsà, ẹja àrọ̀ gbígbẹ mẹ́rin. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀, pé wọ́n ń ta oúnjẹ níbi tí à ń lọ. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀, ata inú rẹ̀ ni òun kò mọ̀.

Rainham ni a ti pààrọ̀ ọkọ̀. Aṣọ la gbé sọ̀kalẹ̀, oúnjẹ la gbàgbé sókè níbi ìkẹ́rùsí. A ti gun afárá dé òdìkejì kí n tó rí i pé ọwọ́ mi kan ṣófo. Kí n tó yíjú padà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gbé àpò náà tẹ̀lé wa, ó ń mí gúlegúle. Ó ní ìyá òun tó wá láti Ghana ní irú àpò bẹ́ẹ̀ méjì nílé, pé òun mọ̀ pé kò sẹ́ni tí í mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ohun tó bá wà nínú rẹ̀. Ìyá Tọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un. Ọmọ náà dúró, ó ń ṣe àmín títí ọkọ̀ wa fi dé.

Yàrá tí a gbà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ òkun. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún etíkun Whitstable, kò sí iyanrìn púpọ̀, nítorí náà bí omi bá ti ń lọ tó ń bọ̀, ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń da ẹ̀wà sínú igbá. Ẹ gbé bàtà tó nípọn nísàlẹ̀ dání.

Aago 9 ni mo sùn. Ní nǹkan bí aago 2 òru, mo na ọwọ́, n kò bá ẹnì kankan. Ìyàwó mi jókòó lójú fèrèsé pẹ̀lú ife tíì. Àwọn iná pupa kan wà lọ́ọ̀ọ́kán lórí omi.

"Bàbá Tọ́lá, mo ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ni wọ́n?"

N kò mọ̀. Ó ní ara òun kò tíì gbà pé oorun ni wọ́n dá òru fún. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe máa ń ka ibùsùn àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri, kí òun tó fìdí kalẹ̀.

Ọjọ́ Kejì: Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ní èbúté ló dá wa lóhùn ọ̀rọ̀ iná pupa. Àwọn òpó tí afẹ́fẹ́ ń yí láti mú iná mànàmáná wá ni. Kentish Flats lorúkọ ibẹ̀. Wọ́n kọ́ 30 síbẹ̀ ní 2005, wọ́n sì fi 15 kún un ní 2015. Ìyá Tọ́lá ní iye tí òun kà kò tó bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà sì ṣàlàyé fún un pé iná kò sí lórí gbogbo wọn. Mo rí i pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Oúnjẹ inú òkun ni Whitstable fi lókìkí, pàápàá ọ́síìtà, ẹran inú ìkarahun tí wọ́n ń jẹ ní tútù. Àwọn ará ibẹ̀ ní oṣù tí lẹ́tà R bá wà nínú orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí òkun wọn bí gan-an dára fún jíjẹ, láti September dé April. October bọ́ sí i. Mo ra ẹyọ kan ní £3, mo gbé e mì, ó tutù, ó sì ní iyọ̀ bí ẹni pé mo mu òkun lẹ́nu kan. Ìyàwó mi kọ̀ ọ́ pátápátá. Ó ní ìgbẹ́ gbuuru tí òun tọ́jú lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ ẹran òkun tútù ti tó òun.

Ohun tó fa ojú òun mọ́ra ni whelk. Ìgbín òkun ni, kò tóbi tó tiwa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sè é tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìkarahun, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí i tí kò ní pè é ní ìgbín. Àwọn ará ibẹ̀ ń da ọtí kíkan sí i, wọ́n sì ń fi igi tín-ín-rín gún un jẹ. £4 ni abọ́ kékeré kan. Ìyá Tọ́lá ra abọ́ mẹ́ta láìjẹ́ kí wọ́n da ohunkóhun sí i. Obìnrin tó ń tà á béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó ní ata ni òun máa fi dín in, àlùbọ́sà á pọ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin náà bu ọwọ́ kan sí i láìgbowó, ó ní kí ó padà wá sọ bó ṣe rí.

Lọ́sàn-án, omi fà, ọ̀nà òkúta kan sì yọ láàárín òkun. The Street ni wọ́n ń pè é. Ó gùn tó ìdajì máìlì, ènìyàn lè rìn ín wọ inú òkun pẹ̀lú omi lápá ọ̀tún àti lápá òsì. A rìn ín dé nǹkan bí ìdajì. Ìyá Tọ́lá ń ṣa òkúta bọ́ sápò kóòtù rẹ̀, àwọn róbótó tó mọ́lẹ̀ dán. Ẹni tó bá fẹ́ rin ibẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo àkókò tí omi máa padà. Apá méjèèjì ni í ti í bọ̀, kì í sì í ké sí ẹnikẹ́ni.

Gàrí Ìjẹ̀bú tútù àti ìgbín òkun dídín ni a jẹ lálẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo sì ti mu gàrí pẹ̀lú ohun púpọ̀ láyé mi. N kò ní gbàgbé ti òní.

Ọjọ́ Kẹta: Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá

Canterbury ni ìdí tí Ìyá Tọ́lá fi gbà láti bá mi wá sí Kent rárá. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i, Òṣogùn tí wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821 kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún wọn pé ọmọ àdúgbò wọn ni, pé inú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ń jẹ́ Canterbury ni wọ́n ti fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ó ti lé ní 30 ọdún tó ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wákàtí méjì péré ni Canterbury sí ilé wa, kò sì débẹ̀ rí. Ìgbà wo ni ì bá lọ? Ó máa ń sùn ní ọ̀sán.

Bọ́ọ̀sì la wọ̀. Freedom Pass ń ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀sì jákèjádò England láti aago 9:30 àárọ̀, ní òpin ọ̀sẹ̀ kò tilẹ̀ sí pé à ń dúró de aago kankan. Mo jókòó sókè níwájú pátápátá, níbi tí mi ò lè jókòó sí ní gbogbo ọdún tí mo fi ń wakọ̀. Ọ̀nà náà gba àárín abúlé Blean kọjá, ó há, ẹ̀ka igi sì ń gbá dígí. Ewé igi ti pọ́n: òmíràn bí epo pupa, òmíràn bí osùn, àwọn kan pupa rúsúrúsú bí ẹyin ọ̀pẹ. Ìyàwó mi di apá mi mú ní gbogbo kọ́nà. Mo ṣàlàyé fún un pé awakọ̀ náà mọ ohun tó ń ṣe, pé ó ti dẹ ẹsẹ̀ kí ó tó dé kọ́nà. Ó bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe máa ń wà á. Ó jọ mí lójú. Ọdún 27 ni mo fi wa bọ́ọ̀sì, kò wọ èyí tí mo wà rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà kàtídírà lé ní £15 lórí ẹnì kan fún ẹni tó fẹ́ wò ó kiri. Ẹni tó bá wá jọ́sìn kì í san kọ́bọ̀. A san tiwa, nítorí a fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀.

Wọ́n fi ibi tí wọ́n ti fi idà pa Thomas Becket, Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, ní 1170 hàn wá, àti ibi tí àbẹ́là kan ń jó nílẹ̀ níbi tí ibojì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ìyá Tọ́lá fi sùúrù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣí Bíbélì Yorùbá rẹ̀ fún ìyá àgbà tó ń mú àwọn àlejò kiri, ó ní: "Ẹni tó ṣe atọ́nà iṣẹ́ ìtumọ̀ ìwé yìí, ibí ni wọ́n ti fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. 29 Oṣù Kẹfà, 1864. Ìlú rẹ̀ àti ìlú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra."

Ìyá àgbà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní òun mọ orúkọ náà. Ó ní òun wà níjókòó níbẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2014, nígbà tí wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà fún àyájọ́ 150 ọdún, tí Justin Welby tó jẹ́ Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù nígbà náà sì sọ ní gbangba pé Ìjọ ṣẹ Crowther. Ẹni tó bá mọ ìtàn náà mọ ohun tó túmọ̀ sí: wọ́n fi bàbá yẹn jẹ oyè, nígbà tó dàgbà, àwọn òyìnbó tí ọjọ́ orí wọn kò tó ti ọmọ rẹ̀ wá gba iṣẹ́ ìhìnrere agbègbè odò Niger mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìpari ọdún 1891 ló kú ní Èkó.

Mo ti rò pé ìyàwó mi máa sunkún. Kò sunkún. Ó wá àga kan láàárín ilé ńlá yẹn, ó jókòó, ó sì ka Sáàmù 126, orin àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n padà sílé, ketekete, lédè Yorùbá. Kò pariwo, ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ máa ń gbé ohùn. Àwọn kan dúró. Ohùn tó fi kà á ni ohùn tó máa fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí ìyá náà wà láyé. Nígbà tó parí, ó pa ìwé dé, ó ní: "Ó tó. Ẹ jẹ́ kí a lọ mu tíì."

Tíì méjì àti kéèkì kan gba £11 lọ́wọ́ wa. A tún padà fún ìsìn ìrọ̀lẹ́, èyí tí kò ní owó nínú, wọ́n sì jẹ́ kí a jókòó nítòsí àwọn akọrin. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ fún ìsìn yìí, bí ẹ kò tilẹ̀ lówó ìyókù.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a jáde. Èmi tí mo fi bọ́ọ̀sì jẹun ni mo mú wa wọ èyí tó ń gba apá òdì. Ọ̀nà onígun mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì náà ń tọ̀, Canterbury, Whitstable, Herne Bay, ó sì ń lọ lápá méjèèjì, nítorí náà Herne Bay la kọ́kọ́ gbà lọ. A ó ṣáà délé, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Mo lọ jẹ́wọ́ fún awakọ̀, mo ní ọmọ iṣẹ́ ni mí. Ó ní kí a wá jókòó sítòsí òun. Títí a fi dé Whitstable, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń tò iṣẹ́ wọn, èmi ń sọ bí tiwa ṣe rí. Nígbà tí a sọ̀, ìyàwó mi ní òun kò mọ̀ pé mo máa ń sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Kẹrin: Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá

Ìjì. Wọ́n ti kéde rẹ̀ lórí rédíò láti àná. Afẹ́fẹ́ ń lu fèrèsé, òkun funfun káàkiri, ó sì ń ju òkúta sórí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń rìn. A ò jáde.

N kò rò pé ọjọ́ tí ènìyàn kò lọ síbì kankan máa gba ibi tó pọ̀ nínú ìwé ìrìn-àjò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yìí ni ìrìn-àjò náà fún mi.

Ní aago 10 àárọ̀, ìyàwó mi fa kọ́tìnì, ó sùn. Mo jókòó nínú òkùnkùn ọ̀sán yẹn, mo ń wò ó. Mo mọ̀ pé ó máa ń sùn lọ́sàn-án. Aṣọ tó dì mọ́ fèrèsé ilé wa ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Tọ́lá wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n n kò sí ńbẹ̀ rí láti wo bó ṣe ń sùn. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ojú. Bí nǹkan bá dún lóde, ẹsẹ̀ rẹ̀ á mi díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dìde lọ dá aláìsàn lóhùn, á sì tún balẹ̀.

Nígbà tó jí, ó se àmàlà àti ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ. Mo bu tèmi, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, mo ń jẹ. Ó wò mí.

"Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń jẹun?"

Mo ní báwo.

"Lórí ìdúró."

Mo rò ó. Bẹ́ẹ̀ ni. Òun á lọ síbi iṣẹ́, Tọ́lá á ti jẹun, á wà nídìí ìwé rẹ̀, èmi á gbé abọ́ dúró nídìí síńkì, n ó jẹ ẹ́, n ó fọ̀ ọ́, ó parí. Kò wá sí mi lọ́kàn láti jókòó sídìí tábìlì lémi nìkan. Kò sọ̀rọ̀. Ó fa àga kan síwájú, ó fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ jókòó." Mo jókòó. Òun náà jókòó. A jẹ àmàlà yẹn fún wákàtí kan gbáko, ọbẹ̀ tutù, a tún gbé e kaná, a tún jókòó.

Lálẹ́, ó kó òkúta Ìṣẹ́gun jáde lápò kóòtù. Páálí ẹyin méjìlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ihò mẹ́fà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì: ọpọ́n ayò ni. A ka òkúta mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 pé gẹ́lẹ́. A gbẹ́yìn ta ayò ní ilé bàbá rẹ̀, kí a tó ṣègbéyàwó. Ó pa mí ní ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún, ó sì ń pè mí lọ́pẹ, bí wọ́n ti ń pe ẹni tí wọ́n bá pa láyò. Aago 1 òru la sùn. Kò dìde lọ wo iná pupa.

Ọjọ́ Karùn-ún: Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Ojú ọ̀run mọ́. Ọkọ̀ ojú irin gbé wa lọ sí Faversham, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ná ọjà wọn, nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn àtijọ́ kan tí wọ́n gbé ka orí òpó igi. Àkókò ìkórè ápù ni, ilẹ̀ Kent sì kún fún un. Ní ìta ìlú náà, ní Brogdale, irú ápù tó wà lóko tí ìjọba ń tọ́jú lé ní 2,000. Ẹsẹ̀ wa kò débẹ̀, nítorí a pẹ́ lọ́jà.

A ra Egremont Russet, awọ rẹ̀ rí háráhárá bí awọ iṣu, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé wọ́n fi oyin sí i. £2 ni báàgì kan. Ìyá Tọ́lá béèrè ènì. N kò mọ bó ṣe wí i lédè Gẹ̀ẹ́sì tó fi yé bàbá alápù, ṣùgbọ́n bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ju mẹ́ta sí i.

Ọjọ́ Kẹfà: Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Ní 1830 ni wọ́n ṣí ojú irin láti Canterbury sí Whitstable. Ojú irin ti lọ, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ ti di ti ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Ó tó máìlì méje. Àwa kò ní i lọ́kàn ju kí a rìn dé inú igbó Clowes Wood, kí a sì padà. Apá kan igbó Blean ni. Ní apá ibòmíràn nínú igbó yẹn, wọ́n kó àwọn ẹfọ̀n tí wọ́n ń pè ní bison wá ní 2022, wọ́n wà nínú ọgbà, ẹ má bẹ̀rù.

Chestnut ni a bá lọ. Èso ni, inú èèpo ẹlẹ́gùn-ún ló wà, ó sì ń já bọ́ ní Oṣù Kẹwàá. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: oríṣi méjì ni. Èyí tó ṣe é jẹ, ẹ̀gún rẹ̀ tín-ín-rín ó sì pọ̀ bí irun, ewé rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ rí bí ayùn. Èyí tí ẹ̀gún rẹ̀ kò pọ̀, tó rí kìtìkìtì, tí ewé rẹ̀ là bí ìka ọwọ́, májèlé ni, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má kó o tán, ẹranko igbó náà ń jẹ ẹ́.

Ewé jíjábọ́ bo gbòǹgbò igi kan, Ìyá Tọ́lá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Mo gbọ́ bó ṣe fa èémí. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó, ó ti bọ́ bàtà, ó ń fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yípo. "Kò ṣẹ́. Ẹ fún mi ní ìborùn mi." Ó di í, ó fà á le, ó gbà á kọjá lábẹ́ gìgísẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kó etí rẹ̀ bọ inú. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò rí i lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ rí. Mo kúnlẹ̀ sínú ewé, mo ń wo ọwọ́ yẹn.

Obìnrin kan tó ń mú ajá méjì rìn ló bá wa níbẹ̀. Ó sá lọ gbé mọ́tò rẹ̀ wá síbi tó lè súnmọ́ jù, èmi àti òun fa ìyàwó mi dé ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé wa délé. Ó kọ owó. Ìyá Tọ́lá fún un ní ìgò ata dídín tó ṣẹ́kù, ó kìlọ̀ fún un pé ìdajì ṣíbí ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rí òkúta tó wà nínú páálí ẹyin, ó rọra sọ fún wa pé òfin kò gbà kí a kó òkúta etíkun lọ, nítorí òkúta yẹn ló ń gba ìlú lọ́wọ́ òkun. A kò mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ má kó o.

A sun chestnut nínú ófùn. Ẹ fi ọ̀bẹ la ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó má bàa bú. Ó jọ ọ̀dùnkún sísun lẹ́nu.

Ọjọ́ Keje: Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá

Òru àná ni wọ́n dá aago padà. Aago 2 di aago 1, gbogbo ènìyàn sì rí wákàtí kan he. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ nìkan ni kì í rí i he. Iṣẹ́ alẹ́ Ìyá Tọ́lá máa ń di wákàtí 13 lóru yẹn. Ó ní ìgbà tí aago bá tún dé 1 lẹ́ẹ̀kejì ló máa ń le jù, tí gbogbo wọ́ọ̀dù á dákẹ́, tí á dà bí ẹni pé ilẹ̀ kò ní mọ́ láé. Ó bi mí ohun tí èmi máa ń fi wákàtí yẹn ṣe. Mo ní mo máa ń sùn ni.

A jí ní aago 5. Ọkọ̀ aago 11 la máa wọ̀, mo ti palẹ̀ ẹrù mọ́, èyí tí mò ń kọ yìí ló kù.

Ó ní kí a lọ dá òkúta padà. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́. Ó ní àtẹ̀gùn mọ́kànlá ni, òun ti kà á. Ó fara tì mí, a sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà láàárín ọ̀nà àti òkun. Ìmọ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókè omi, a sì lè rí àwọn òpó afẹ́fẹ́ náà báyìí, wọ́n funfun, wọ́n ń yí. Ó ń kó òkúta lé mi lọ́wọ́ mẹ́rin mẹ́rin bí ẹni tó ń ta ayò, mo ń kó wọn lọ síbi tí omi dé, mo ń dà wọ́n sílẹ̀, mo ń padà wá. Ìgbà méjìlá ni mo lọ.

Nígbà tó pé 48, mo fẹ́ wo aago. Ó fi ọwọ́ bò ó lọ́rùn ọwọ́ mi.